Sáfà inú ilé àti cloud: àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn

Ní 2021, cloud nìkan là ń tà. Èmi àti ẹnìkejì mi la jọ dá ilé iṣẹ́ kékeré náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ wa kò ju mẹ́rin lọ, ọ̀rọ̀ ìpolówó wa kò sì ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ra irin. Sáfà là ń pè ní irin, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ọ́fíìsì. Irin a máa gbóná, iná NEPA a máa bà á jẹ́, ọjọ́ tó bá sì kú, òkú rẹ̀ ni ẹ óò máa gbé kiri ọ́fíìsì. Ẹ yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù bí ẹni ń san owó ilé. Mo sọ ọ́ títí ó fi dà bí oríkì lẹ́nu mi.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà wá gbọ́. Ẹ̀ka méjì ni wọ́n ní. Káàdì àwọn aláìsàn ti kún yàrá kan dé àjà, akọ̀wé méjì sì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wá káàdì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ X-ray tó ń ya àwòrán tààrà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ CT tòkúnbọ̀ kan, èyí tó ń ya inú ara ní ègé-ègé. A kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí cloud: àkọsílẹ̀ aláìsàn, ìwé owó, ímeèlì, àti àwòrán. Yúróòpù ni àwọn kọ̀ǹpútà tí a yá náà wà. Microsoft ti ṣí ibùdó sí Johannesburg ní 2019, Amazon náà ti ṣí tirẹ̀ sí Cape Town ní 2020, àmọ́ iye tí wọ́n kọ sára ti Yúróòpù ló dín, a ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó dára fún ọdún kan àbọ̀, mi ò ní tìtorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà sọ pé kò dára. Àwọn akọ̀wé méjèèjì yẹn bọ́ sídìí iṣẹ́ tó nítumọ̀. Dókítà tó wà ní ẹ̀ka kejì lè wo ìwé aláìsàn láìrán awakọ̀ níṣẹ́. Ẹni tó bá ń sọ pé cloud kò wúlò nílẹ̀ wa kò tíì rí yàrá káàdì tí òjò wọ̀.

Owó ni ìjàǹbá ti wá. Ọ̀gá dókítà kò fẹ́ gbọ́ dọ́là létí: náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn, náírà ni wọ́n fẹ́ san. Àwa náà, tí à ń wá oníbàárà lójú méjèèjì, buwọ́ lu àdéhùn ọlọ́dọọdún ní iye náírà kan ṣoṣo tí kò ní yí padà. Ní 2022, àwọn báńkì dín iye tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù. Ó bọ́ sí dọ́là 20 lóṣù ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí wọ́n tó wá dá a dúró. Ìgbà náà la bẹ̀rẹ̀ sí í ra dọ́là lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá ọ̀nà ká tó lè san owó cloud oníbàárà. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó jẹ́ bíi ₦470 lọ́wọ́ ìjọba (lójú pópó ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀) ti wọ ₦1,500 ní oṣù kejì 2024. Ẹ jẹ́ ká fi dọ́là 400 lóṣù ṣe àpẹẹrẹ: ₦188,000 di ₦600,000. Kọ̀ǹpútà kan náà, iṣẹ́ kan náà. Àdéhùn wa ṣì ku oṣù mẹ́fà nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, àwa la sì gbé ìyàtọ̀ rẹ̀ mì. A ta mọ́tò ilé iṣẹ́.

Nítorí náà, ní oṣù kìíní 2024, a lọ bá wọn tún àdéhùn ṣe. A ti pinnu pé dọ́là la óò fi ṣe ìdíyelé. Ọ̀gá dókítà ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ti ìwé náà sọ́dọ̀ akántáńtì wọn, ìyá kan tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Mọ̀mí Àkáǹtì. Mọ̀mí kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ẹnjiníà, ọdún mẹ́ta rèé tí a ti ń sanwó fún yín. Tí a bá ní ó tó lónìí, kí ló kù sí wa lọ́wọ́?"

"Mà, gbogbo àkọsílẹ̀ yín ni. Ẹ ó kó o."

"Kí la óò kó o sí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n wá ní, "Ìwọ lo sọ fún wa pé bí owó ilé ni. Ayálégbé náà a máa kọ́lé tirẹ̀ lọ́jọ́ kan, àbí kì í kọ́ ọ?"

Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo ní kí a ta sáfà fún wọn. Ẹnìkejì mi fárígá. Ó ní ẹnu wa tí a fi bú irin fún ọdún mẹ́ta náà la óò tún fi polówó rẹ̀. Ó tún ní ọ̀rọ̀ kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: owó sáfà ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìpè òru sì ni yóò máa tẹ̀ lé e, owó cloud kéré, ṣùgbọ́n ó ń wọlé lóṣooṣù. Mo rán an létí pé àwọn tó ni cloud gan-an ti ń ta irin. Microsoft ti ń gbé Azure Stack, sáfà tó ń ṣiṣẹ́ bíi cloud rẹ̀, sínú ilé oníbàárà láti 2017. Amazon, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wàásù lòdì sí i, kéde irú tirẹ̀, Outposts, ní ìparí 2018, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o fún àwọn tó rà á ní oṣù kejìlá 2019. Kí ló dé? Oníbàárà wà tí ẹrù rẹ̀ kò ṣe é gbé jìnnà, àwọn náà ò sì fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ fi Dropbox, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kún un, torí ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n fẹ́ ta ìpín ní 2018 sọ pé kíkúrò lórí cloud ẹlòmíràn lọ sórí sáfà tiwọn dín ìnáwó wọn kù ní mílíọ̀nù dọ́là 74.6 láàárín ọdún méjì. Ẹnìkejì mi bú sẹ́rìn-ín. "Dropbox wo nílé ìwòsàn Ìbàdàn?" Ó tọ̀nà. Àwọn tó ń ta sáfà fẹ́ràn àpẹẹrẹ yẹn jù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń bọ́ erin àti ẹni tó ń sin adìyẹ kò lè jọ ná ọjà kan náà. Ọ̀rọ̀ wa dúró síbẹ̀ fún oṣù méjì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, ló parí ìjà náà fún wa. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun ní agbègbè Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Àwọn báńkì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àtúnṣe rẹ̀ sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣe pé gbogbo okùn ló já. Equiano tí Google gbé dé Èkó ní 2022 ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà wa ti gbé ara lé ọ̀kan nínú àwọn tó já. Nígbà tí mo fi máa dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti ń kọ orúkọ aláìsàn sórí bébà. Dókítà kan fẹ́ wo àwòrán CT tí wọ́n yà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì ṣí. Yàrá kejì ni wọ́n ti yà á. Àwòrán tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín òun àti dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba abẹ́ òkun lọ sí Yúróòpù kó tó padà wá bá a. Dókítà dìde, ó lọ dúró sí ìdí ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ló ti wò ó. Mo wà níbẹ̀ tí mo ń wò ó bó ṣe ń lọ, ojú sì tì mí.

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ wọn ẹrù. Ó yẹ kí n ti ṣe é ní 2021. Àwòrán CT dà bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan ní ojúàmì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 512 ní ìbú àti 512 ní òró, báìtì 2 sì ni fún ojúàmì kọ̀ọ̀kan: ìdajì mẹ́gábáìtì nìyẹn. Ègé 400 fún aláìsàn kan jẹ́ mẹ́gábáìtì 200. Íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń gbé mẹ́gábíìtì 5 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan (bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan), èyí já sí pé ó lé ní ìṣẹ́jú 5 kí àwòrán aláìsàn kan tó jáde nílé, lọ́jọ́ tí nǹkan dára o. Lórí wáyà inú ilé tó ń gbé gígábíìtì kan, kò ju bíi ìṣẹ́jú àáyá 2. Ní ti ímeèlì àti ìkànnì ilé ìwòsàn, wọn ò wúwo rárá, kò sì sí ẹni tó ń kú tí ímeèlì bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí a kà sí ẹrù kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́ta jẹ́ oríṣi mẹ́ta: àwòrán tó wúwo, àkọsílẹ̀ tí kò wúwo ṣùgbọ́n tí dókítà ń dúró dè, àti ímeèlì tó lè pẹ́.

Lẹ́yìn náà la jókòó ti ìṣirò owó pẹ̀lú Mọ̀mí Àkáǹtì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta sáfà máa ń fi iye tí wọ́n rà á wé owó cloud ọdún mẹ́ta, wọn a sì dákẹ́. Mọ̀mí ò gbà. "Ta ló máa bọ́ ọ?" ni wọ́n ń bèèrè. Mo wọn irú sáfà tí a fẹ́ tà: òun àti ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń jẹ wáàtì 300. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, yúnìtì 216 nìyẹn. Oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn pọ̀ jù lójúmọ́, lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan, nítorí náà ó jẹ́ ₦48,600 lóṣù. A wá dé orí ẹ̀rọ amúlétutù tí yóò máa fẹ́ sí i. Tó bá ń jẹ wáàtì 1,100, tó sì ń ṣiṣẹ́ ìdajì wákàtí inú ọjọ́, ó ti tó ₦89,100. Ẹ̀rọ tó ń tu sáfà lára ń jẹ iná ju sáfà lọ! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi epo dísù, bátìrì ínfátà àti owó ìtọ́jú lé e.

Mo rò pé iye yìí máa lé wọn sá. Mọ̀mí wò ó, wọ́n ní, "Náírà ni gbogbo rẹ̀." Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí kò rí i bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ra sáfà ra dọ́là lẹ́ẹ̀kan, ní iye ọjọ́ náà, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iná lè wọ́n, dísù lè wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní máa wá dọ́là kiri mọ́ kó tó san wọ́n.

Ọmọ iṣẹ́ wa kan fẹ́ fi òfin kún ìpolówó náà. Ó ní kí a sọ fún ọ̀gá dókítà pé òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023 kò gbà kí àkọsílẹ̀ aláìsàn jáde kúrò ní Nàìjíríà. Irọ́ ni. Òfin náà ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó nílò ìtọ́jú pàtàkì, ó sì sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó lè kọjá sí ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n kò tì í pa. Mo ní kó yọ ọ́. Ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ yóò padà wá bèèrè lọ́jọ́ tó bá lọ bá lọ́yà.

Ẹnìkejì mi wá gbà, ó fi nǹkan kan há a: alaalẹ́ ni ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí sáfà gbọ́dọ̀ máa lọ sórí cloud, bí oníbàárà tilẹ̀ kọ̀. Mọ̀mí kọ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní a ti kúrò nílé onílé, kí la tún fẹ́ máa san owó yàrá kan níbẹ̀ fún? Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Èmi ló wá gbà fún wọn níbi tí kò yẹ. Ọ̀gá dókítà fẹ́ sáfà tòkúnbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà, nítorí iye rẹ̀ dín gan-an sí ti tuntun. Mo ní ó dára, àmọ́ ká ra hard disk, ibi tí sáfà ń kó gbogbo nǹkan pa mọ́ sí, ní tuntun sí i. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, CT mi, ṣé tuntun ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo gbé sáfà náà wọlé ní oṣù karùn-ún pẹ̀lú disk mẹ́rin àtijọ́ inú rẹ̀, tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní ilẹ̀ òkèèrè.

Oṣù mẹ́fà lọ láìsí wàhálà. Àwòrán ń ṣí kí dókítà tó jókòó dáadáa. Ẹ̀ka kejì ń wọlé sórí sáfà náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà rẹ̀ kò sì kan òkun mọ́. Oníbàárà méjì mìíràn gbọ́, wọ́n pè wá. Ọyẹ́ dé ní oṣù kejìlá, eruku bo gbogbo ìlú, disk kan sì kú ní ọjọ́ Sátidé kan. Ètò tí a fi so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, RAID 5, lè fara da ikú ẹyọ kan. A ní kí wọ́n gbé òmíràn wá láti Èkó. Ọjọ́ Ajé la fi sí i, sáfà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo disk tó kù láti orí dé ìdí kó lè tún ohun tó sọnù kọ. Ìgbà yìí ni iṣẹ́ máa ń wúwo jù fún wọn. Kó tó dé ìdajì, èkejì kú. Kò sí àwòrán mọ́, kò sí àkọsílẹ̀.

Mo fọwọ́ kan ara sáfà, ó gbóná bí ìkòkò. A wá rí i pé bàbá tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ ti ń pa ẹ̀rọ amúlétutù yàrá náà lálaalẹ́ láti oṣù kẹwàá. Bàbá ò ṣẹ̀. "Kò séèyàn níbẹ̀, epo sì ń jó," ni wọ́n sọ fún mi, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé nǹkan kan wà nínú yàrá náà tí ooru ń pa. Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, mo ti bá akántáńtì sọ̀rọ̀, mo ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àti ọwọ́ iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mi ò kí.

Ẹ̀dà tó ń lọ sórí cloud lálaalẹ́ ló gbà wá. Àkọsílẹ̀ aláìsàn àti ìwé owó kò wúwo. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a ti gbé wọn kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lásán kan, ìwòsàn sì ń lọ. Àwòrán ni wàhálà. Gígábáìtì 1,200 ni wọ́n. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé mẹ́gábíìtì 20 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọjọ́ márùn-ún àbọ̀ ni, tí kò bá já rárá. Ilé iṣẹ́ cloud tún ń gba bíi sẹ́ǹtì 9 lórí gígábáìtì kọ̀ọ̀kan tó bá jáde lọ́dọ̀ wọn, ó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Owó yẹn kò dùn mí tó ọjọ́ márùn-ún. Mo ti ṣírò iye àkókò tí yóò gbà kí àwòrán kan lọ, mi ò ṣírò iye àkókò tí yóò gbà kí gbogbo wọn bọ̀. A fa ti oṣù yẹn wálé ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti ọdún náà, ti àtijọ́ sì ń rọra bọ̀ lóru. Ẹnìkejì mi sùn sí ọ́fíìsì fún òru mẹ́ta. Kò sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé, "Ṣé mo wí?"

Owó disk tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwa la san án. Báyìí, ohun tí a bá kọ sórí ọ̀kan ni a ń kọ sórí ìkejì rẹ̀, disk kan tún wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń dúró de ọjọ́ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni awakọ̀ ń gbé disk ńlá kan tí àwòrán wà lórí rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka kejì: mọ́tò yára ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ fún ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tí yàrá bá gbóná, fóònù bàbá jẹnẹrétọ̀ ló sì kọ́kọ́ ń lọ, kó tó dé tiwa. Ilé ìwòsàn fi owó díẹ̀ kún ti bàbá fún un.

Ọ̀nà tí a ń gbà díye lé iṣẹ́ náà yí padà. Èrè orí sáfà fúnra rẹ̀ tín-ín-rín, torí oníbàárà yóò ti wo iye rẹ̀ lórí fóònù kó tó pè wá. Owó ìtọ́jú oṣooṣù la ń jẹ, náírà sì ni, torí ọwọ́ tó ń ṣe é wà ní Ìbàdàn. Cloud wà nínú ìwé kan náà, lórí ìlà ọ̀tọ̀, ní dọ́là, ní iye ọjọ́ tí wọ́n bá san án. A kò tún ní fi àpò wa dá dúró fún náírà ẹnikẹ́ni mọ́. Kí a tó kọ ìlà méjèèjì, a ó ti wọn ẹrù, a ó ti ṣírò àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, a ó sì ti bèèrè ẹni tó ń pa iná lálẹ́. Mo mọ̀ pé oníbàárà tó ní sáfà kì í tètè fi wá sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ní cloud nìkan, tó lè pààrọ̀ alágbàtà láàárín ọ̀sán kan. Ìyẹn wà lára ìdí tí òwò náà fi dára fún wa. Ká má bàa fi ìyẹn dè wọ́n, a kọ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà sínú àpòòwé, a sì fi fún Mọ̀mí Àkáǹtì kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí owó wọn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Mọ̀mí rán ẹnì kan sí wa, obìnrin kan tó ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìtàn sáfà, ó sì ti tọ́jú owó rẹ̀. Mo bèèrè ohun tó fẹ́ gbé sí i. Ó ní ímeèlì àwọn olùkọ́, èsì ìdánwò, ìkànnì ilé ẹ̀kọ́. Mo wọn ẹrù náà: kò tó ohun tó kún fóònù ọwọ́ mi. Mo ní, "Mà, ẹ mú owó yín padà sílé." Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé torí pé ilé ẹ̀kọ́ òun kéré ni. Ẹnìkejì mi ló jókòó tì í tó fi iye owó iná ẹ̀rọ amúlétutù hàn án, cloud lásán ló sì rà lọ́wọ́ wa, ìlà kan ṣoṣo, ní dọ́là.